Ọlọ Afẹ́fẹ́ Brixton: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí

Ilé mi kò jìnnà sí Brixton Hill ní London. Bí àlejò bá ti ilé dé, tí wọ́n ti wo Big Ben tán, tí wọ́n ti ra bàtà tán, ibi tí mo máa ń mú wọn lọ kẹ́yìn ni ìdí ọlọ afẹ́fẹ́ kan tó dúró sẹ́yìn àwọn ilé ní àdúgbò wa. Ó dúdú, ó ga, ó ní apá mẹ́rin. Ẹnu á yà wọ́n, ìbéèrè á sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé ìbéèrè kan náà ni tọmọdé tàgbà ń bi mí, mo ní kí n kúkú kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Kí ni ọlọ afẹ́fẹ́ gan-an?

Ilé tí wọ́n ti ń lọ ọkà ni, afẹ́fẹ́ ló sì ń yí i. Kí iná mànàmáná tó dé, ẹran ọ̀sìn, omi odò tàbí afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń yí ọlọ ńlá. Níbi tí odò kò bá ti lágbára, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀. Ọlọ afẹ́fẹ́ ti wà nínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bí ọdún 1185. Onípákó ni àwọn ti ìgbà yẹn: odidi ilé jókòó lórí òpó kan ṣoṣo, bí afẹ́fẹ́ bá yí ojú padà, wọ́n á ti gbogbo ilé náà yípo kó lè kọjú sí i. Ti Brixton jẹ́ irú tó dé lẹ́yìn. Bíríkì ni wọ́n fi mọ ara rẹ̀, ó dúró gbọin, fìlà orí rẹ̀ nìkan ló ń yí. Èmi kọ́ ni mo fún un ní fìlà o, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

Báwo ni ọlọ oko ṣe dé àárín ìgboro?

Ìgboro ló wá bá a níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní 1816, pápá ló yí i ká, Surrey ni wọ́n sì ń pe ilẹ̀ náà. Ojú ọ̀nà ńlá tó wọ London kò jìnnà sí i. Lónìí, bí ẹ bá yà kúrò ní Brixton Hill tí ẹ gba Blenheim Gardens wọlé, àárín ilé lẹ ó máa rìn títí, àfi bí ẹ bá gbójú sókè lójijì tí ẹ rí apá rẹ̀ lórí òrùlé. Ọgbà kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀, Windmill Gardens, ni gbogbo ohun tó kù nínú pápá yẹn.

Ta ló ni ín?

Ìdílé Ashby ló fi í ṣiṣẹ́ jẹ. John Ashby ló bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ìdílé náà ló sì wà títí ó fi dẹ́kun iṣẹ́ ní 1934. Ìdí nìyẹn tí wọ́n tún fi ń pè é ní Ashby's Mill. Ìyẹ̀fun odidi àlìkámà, èyí tí wọn kò yọ èérí rẹ̀, ni wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ Lambeth ló ni ín báyìí.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ọdún tí ìyá mi wá kí wa ni mo tó lóye rẹ̀ dáadáa. A gòkè dé àjà tí òkúta wà. Òkúta méjì ni, ó rí roboto, ọ̀kan jókòó lé èkejì. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé, màmá ti na ọwọ́: "Ìyá ọlọ ló wà nísàlẹ̀ yìí, ọmọ ọlọ rèé lókè." Mo pa ẹnu mi dé. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìyá ọlọ kì í mira. Ọmọ ọlọ ló ń yí lórí rẹ̀, àlìkámà ń bọ́ sí ihò àárín rẹ̀, ó ń di lílọ̀ bó ti ń sún lọ sí etí, ìyẹ̀fun á sì ya jáde ní ẹ̀gbẹ́. Ohun tó yàtọ̀ sí tiwa ni pé ọlọ ilé wa, síwá sẹ́yìn ni à ń tì í, tiwọn ń yípo. Ọmọ ọlọ wọn sì lè wọ̀n tó tọ́ọ̀nù kan. Kò sí ìyàwó ilé tó máa tì í.

Màmá fi ìka tọ àwọn ìlà tí wọ́n gbẹ́ sí ojú òkúta kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àfihàn. "Wọ́n ti ṣá a kó lè mú." Òótọ́ ni. Bí ojú ọlọ bá ti ń dán, kò ní lọ nǹkan mọ́, yóò kàn máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Nítorí náà, wọ́n á fi ẹ̀rọ gbé ọmọ ọlọ kúrò, wọ́n á yí ojú rẹ̀ sókè, ẹnìkan á wá dùbúlẹ̀ lórí àpò ìyẹ̀fun, á máa fi irin ẹlẹ́nu mímú ṣá ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọjọ́ gígùn ni. Irin wẹ́wẹ́ máa ń ta wọ àwọ̀ ẹ̀yìn ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é, dúdú rẹ̀ kì í sì í kúrò. Bí oníṣẹ́ ọlọ bá wá iṣẹ́ wá, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí tó ní. Òkúta tó dára jù fún àlìkámà, ilẹ̀ Faransé ló ti ń wá, láti ìlú tí wọ́n ń pè ní La Ferté-sous-Jouarre. Kì í wá ní odidi, wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń kó o wá, wọ́n á so ó pọ̀, wọ́n á fi irin gbígbóná dì í lámùrè.

Ẹ jẹ́ ká padà sókè. Afẹ́fẹ́ lu apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, apá yí ọ̀pá ńlá tó wà nínú fìlà. Ọ̀pá yẹn ní kẹ̀kẹ́ eléyín ràgàjì kan lára, kẹ̀kẹ́ yẹn ń yí òmíràn tó kéré jù ú lọ, òun náà ń yí òpó tó sọ̀kalẹ̀ gba àárín ilé. Nítorí pé kẹ̀kẹ́ ńlá ló ń yí kékeré, eré ń pọ̀ sí i bó ti ń sọ̀kalẹ̀. Apá lè yí bí ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú kan péré, ọmọ ọlọ á sì ti yí ju ìgbà 100 lọ. Ní ọ̀pọ̀ ọlọ, igi ni wọ́n fi ṣe eyín kẹ̀kẹ́ kan, irin ni ti èkejì tó bá a pàdé, kí ariwo má bàa pọ̀, kí iná má sì ta. Bí nǹkan bá há, eyín igi ló máa kán. Wọ́n á gbẹ́ òmíràn fi dípò rẹ̀ kí ọjọ́ tó kanrí.

Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà níbẹ̀ tó ní bọ́ọ̀lù irin méjì. Bí afẹ́fẹ́ bá ń pọ̀ jù, eré á mú kí bọ́ọ̀lù yẹn fẹ̀ síta, èyí á sì mú kí òkúta méjèèjì súnmọ́ra sí i, kí ìyẹ̀fun má bàa rí bí iyanrìn. Inú ọlọ afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń lo ọgbọ́n yìí kí James Watt tó mú un lọ sára ẹ́ńjìnnì sítíìmù rẹ̀ ní 1788. Wọn kì í sábà sọ ìyẹn fún wa nílé ìwé.

Kí ló dé tó ní aago kékeré lókè?

Agogo ìkìlọ̀ ni, ó máa ń dún kí ọkà má bàa tán lójú ọlọ láìjẹ́ pé ẹnìkan mọ̀. Bí òkúta bá ń yí lórí òfìfo, ìyá àti ọmọ á máa họra, iná á ta. Inú ilé alájà pákó tí eruku ìyẹ̀fun kún ni ẹ sọ pé iná ta sí yẹn. Eruku ìyẹ̀fun nínú afẹ́fẹ́ lè bú gbàù.

Wọ́n ní ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí kò fi ní apá. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Àdúgbò ló pa á lára. Bí London ti ń fẹ̀, ilé ń yọ níbi tí àlìkámà wà tẹ́lẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan sì ń já díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ọlọ náà gbà. Afẹ́fẹ́ tó bá ti kọlu òrùlé kì í dé bó ṣe yẹ mọ́, á máa lọ́, á máa fẹ́ ségesège. Nígbà tó fi di 1862, àwọn Ashby ti kó iṣẹ́ wọn lọ sí ọlọ olómi kan ní Mitcham, lórí odò Wandle. Ní 1864 wọ́n yọ apá ti Brixton kúrò. Ilé ìkẹ́rù ló dà.

Àwọn tó wọ ọkọ̀ òkun Windrush dé láti Jàmáíkà ní 1948, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fìdí kalẹ̀ sí Brixton, òpó dúdú aláìlápá ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ṣé kò ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni?

Ó ṣiṣẹ́. Ibí yìí ni ìtàn rẹ̀ ti dùn mọ́ mi jù, àwọn ènìyàn sì máa ń fò ó. Ní 1902, ìdílé Ashby kúrò ní Mitcham, wọ́n sì padà sí Brixton. Afẹ́fẹ́ kò sí mọ́, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sítíìmù wá, lẹ́yìn náà wọ́n lo ti gáàsì. Ẹ́ńjìnnì yẹn ń yí ẹ̀rọ ìlọkà kékeré kan tí òkúta wà nínú rẹ̀, inú ilé ọlọ náà ni wọ́n gbé e sí, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ ńláńlá ní West End wà lára àwọn oníbàárà wọn. Ọdún 32 gbáko ni ọlọ afẹ́fẹ́ fi ṣiṣẹ́ láìgba afẹ́fẹ́. Joshua Ashby ló lo ó kẹ́yìn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ní 1934, òun náà sì kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ṣé ilé nìkan ló pa irú ọlọ yìí káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Rárá. Ní abúlé tí ilé kankan kò dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́, wọ́n kú síbẹ̀ náà. Láti bí 1870 sókè ni ẹ̀rọ onírólà irin ti wọlé, ó ń lọ ìyẹ̀fun funfun lẹ́búlẹ́bú lọ́pọ̀ yanturu. Àlìkámà Amẹ́ríkà ń wọlé ní èbúté, ẹ̀gbẹ́ èbúté ni wọ́n sì kọ́ ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun tuntun sí. Àwọn ènìyàn fẹ́ búrẹ́dì funfun. Ọlọ abúlé wá kù sí lílọ oúnjẹ ẹran, nígbà tó yá, kò rí ìyẹn náà lọ̀ mọ́.

Ta ló gbà á sílẹ̀?

Lẹ́yìn ogun, wọ́n ti gbèrò láti wó o kí wọ́n fi ibẹ̀ kọ́ ilé gbígbé. Àwọn kan kò gbà. Ìjọba London ìgbà náà, London County Council, rà á ní 1957, wọ́n sì tún un ṣe ní 1964. Ìgbà yẹn ló tó ní apá padà, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn tí wọ́n yọ ti àkọ́kọ́. Níbi tí ohun èlò kò sí, wọ́n lọ mú u lára ọlọ mìíràn tó ti di àlàpà ní Burgh le Marsh ní Lincolnshire.

Tí ohun inú rẹ̀ bá ti ibòmíràn wá, ṣé ọlọ Ashby ṣì ni?

Ẹ̀gbọ́n mi kan jà mí níyàn lórí èyí títí a fi dé ibùdókọ̀. Ó ní èékánná ẹlòmíràn ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èrò tèmi rèé: ìlù tí wọ́n bá pààrọ̀ awọ rẹ̀, tí igi rẹ̀ kò yí padà, ìlù yẹn náà ni. Ọlọ afẹ́fẹ́ kì í sì í lo apá kan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, nígbà tí àwọn Ashby ń ṣiṣẹ́ pàápàá. Apá ń jẹrà, eyín ń kán, okùn ń já. Ohun tó ń dùn mí nípa ti 1964 yàtọ̀ sí èyí. Wọ́n tún un ṣe kí a lè máa wò ó ni. Kò sí ẹni tí wọ́n fi sí ìdí rẹ̀ láti máa lò ó. Ojú ilé dára, àyà ilé dákẹ́.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀?

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Òjò wọlé, igi jẹrà, àwọn ọmọ ìta ba ohun tí wọ́n lè bà jẹ́, wọ́n tì í pa. Wọ́n tún un ṣe díẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, ó tún dẹnu kọlẹ̀, títí orúkọ rẹ̀ fi wọ ìwé àwọn ilé àtijọ́ tó wà nínú ewu. Òfin ti dáàbò bò ó tipẹ́ o, Grade II* ni wọ́n pè é nínú ìwé àwọn ilé tí òfin ń dáàbò bò, kò sí ẹni tó lè wó o láìgba àṣẹ. Òfin kì í sì í kan òrùlé tó ń jò.

Ní 2003, àwọn ará àdúgbò dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Friends of Windmill Gardens. Ọdún méje ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà, tí wọ́n ń ṣe ìpàdé, tí wọ́n ń pàtẹ nínú ọgbà, kí nǹkan bí £400,000 tó jáde láti inú owó Heritage Lottery, owó lọ́tìrì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ohun àtijọ́. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2010, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011. Àwọn tí wọ́n ń fi ọkàn ìfẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kọ́ṣẹ́ ọlọ lílò, àwọn náà ló ń mú àlejò káàkiri.

Ṣé ó ń lọ ìyẹ̀fun lónìí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn Ashby lò lẹ́yìn 1902 ni wọ́n jí dìde, iná mànàmáná ló ń yí i. Àwọn kan máa ń ní ìyẹn kì í ṣe ọlọ afẹ́fẹ́ mọ́. Mo máa ń rán wọn létí pé ẹ́ńjìnnì ni àwọn tó ni ín fúnra wọn lò fún ọdún 32.

Ẹ fi ọwọ́ sí ibi tí ìyẹ̀fun ti ń já bọ́ nígbà tí wọ́n bá ń lọ̀ ọ́. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ á máa fi àtàǹpàkò ra á mọ́ ìka: bó bá ti ń rí bí iyanrìn, òkúta ti jìnnà síra jù, bó bá ti ń gbóná, wọ́n ti súnmọ́ra jù, ìyẹ̀fun á sì máa jóná. Kò sí aago tó ń sọ èyí fún wọn. Ìka ló ń sọ ọ́.

Kí ló ń ba irú ilé báyìí jẹ́ jù?

Omi ni, bí ẹ bá bi mí. Òjò tí afẹ́fẹ́ ń gbá máa ń wọnú bíríkì ilé gogoro, yóò sì sọ̀kalẹ̀ sí ibi tí orí igi ti wọ ara ògiri. Níbẹ̀ ni ìjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀, ojú kì í sì í tètè rí i. Ọ̀dà dúdú tó wà lára ọlọ wa, fún òjò ni.

Afẹ́fẹ́ náà lè pa á. Bí ìjì bá fẹ́ ọlọ látẹ̀yìn, fìlà lè ṣí kúrò lórí bí fìlà èèyàn. Ọlọ kan wà ní Clayton ní Sussex tí wọ́n ń pè ní Jill. Wọ́n kọ́ ọ ní Brighton ní 1821, wọ́n sì fi ẹṣin àti màlúù wọ́ ọ lọ sórí òkè Clayton ní 1852, odidi ilé. Lálẹ́ ìjì ńlá oṣù Kẹwàá ọdún 1987, afẹ́fẹ́ fi agídí yí apá rẹ̀ nígbà tí bíréèkì ṣì dì í mú. Bíréèkì yẹn igi ni. Ó gbóná títí iná fi ṣẹ́ yọ. Bí kò bá ṣe pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ ti sáré lọ sí òkè náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tí wọ́n pa iná ọ̀hún, eérú ni à bá máa wò níbẹ̀.

Ìyẹn ni mo ṣe máa ń sọ pé ọlọ tó ń ṣiṣẹ́ sàn ju èyí tí wọ́n kàn kùn lọ́dà. Ẹni tó bá ń lò ó ń gòkè lọ wò ó nígbà gbogbo, ó máa ń gbọ́ bí nǹkan bá ń ké lọ́nà tí kò ké tẹ́lẹ̀, ó máa ń rí àbàwọ́n omi kí igi tó rọ̀.

Ṣé gbogbo ọlọ afẹ́fẹ́ ló ń lọ ọkà?

Rárá o. Àwọn 19 tó wà ní Kinderdijk ní Netherlands, tí UNESCO fi sí ara ogún àgbáyé ní 1997, omi ni wọ́n kọ́ wọn láti máa fà kúrò lórí ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ ju odò lọ. Ìdílé àwọn tó ń tọ́jú wọn ń gbé inú wọn, aṣọ wọn wà lórí okùn níta. Ní Netherlands, bí ẹ bá fẹ́ kọ́lé gíga sí ìtòsí ọlọ, wọ́n á kọ́kọ́ wò ó bóyá ilé yín máa dí afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ká ní irú rẹ̀ wà ní Brixton ní 1850 ni!

Ní Barbados, ìrèké ni wọ́n fi ọlọ afẹ́fẹ́ fún, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ló sì ń fi ọwọ́ ki ìrèké bọ ẹnu irin. Ọ̀kan ṣì wà níbẹ̀, Morgan Lewis, tí Barbados National Trust ń tọ́jú. Èmi kì í lè wo àwòrán ìyẹn bí mo ṣe ń wo ti Brixton.

Ṣé ó wà nílẹ̀ Yorùbá rí?

Kò sí. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ igbó kì í fẹ́ déédéé, ọlọ àti odó sì wà nínú ilé kálukú.

Báwo ni mo ṣe lè wọ inú rẹ̀?

Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n máa ń ṣí i, ní ìgbà tí ojú ọjọ́ bá dára ló pọ̀ jù. Ẹ wo ojú òpó ẹgbẹ́ náà kí ẹ tó kúrò nílé. Àkàbà inú rẹ̀ ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀yìn lẹ fi máa sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wọ ìró lọ. Màmá mi wọ̀ ọ́, a lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti sọ̀kalẹ̀ láti àjà kejì, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan sì ń sọ fún un nísàlẹ̀ pé kó má bẹ̀rù.

Tí mo bá ra ìyẹ̀fun rẹ̀, kí ni mo lè fi ṣe?

Búrẹ́dì. Ẹ gbé e sínú fíríìjì bí ẹ kò bá ní tètè lò ó, torí òróró inú àlìkámà ṣì wà nínú rẹ̀, ó lè kan. Mo ti fi dín púfúpúfù rí. Kò wú tó ti fùláwà funfun, ó sì pọ́n lára. Mo pò ó mọ́ funfun ní ìlàjì nígbà kejì, àwọn ọmọ jẹ ẹ́ tán.